Ohun Tí A Rí Nínú Àwọn Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́)

Nígbà tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìwé sí wa pé kí a wá ròyìn ohun tí ojú wa rí ní Lọ́ńdọ̀nù, a kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe àwàdà ni, nítorí kò sí ìdílé kan nínú ìlú yìí lónìí tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò ní Ìlú Òyìnbó, ìròyìn ibẹ̀ kò sì ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé kì í ṣe ìròyìn òtútù tàbí ti ọjà ni ẹgbẹ́ ń fẹ́, bí kò ṣe ti àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà àti ohun àtijọ́ jọ sí, níbi tí ohun ìní àwọn baba wa gbé wà. Nítorí èyí ni a ṣe gbà láti wá. A ó sọ èyí tí ó wù wá, a ó sọ èyí tí ó dùn wá, a ó sì sọ ọ̀kan tí ó kó ìtìjú bá àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù bá wa lọ.

Ohun tí ó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu kò sí nínú ilé wọ̀nyí rárá. Ẹnu ọ̀nà ni ó wà. Ẹnikẹ́ni kò bi wá ní kọ́bọ̀. Àpótí kan wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ta ọrẹ, àfihàn pàtàkì kan sì wà tí a ń sanwó fún lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ lè wọlé ní òwúrọ̀ kí ó má jáde títí wọn ó fi ti ilẹ̀kùn. A rí àwọn arúgbó tí wọ́n gbé àpótí ìjókòó kékeré lọ́wọ́, tí wọ́n jókòó síwájú àwòrán kan ṣoṣo fún odidi wákàtí kan. A rí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n tẹ́ ara sílẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ́ńsù lọ́wọ́ olúkúlùkù, tí olùkọ́ wọn ń bi wọ́n pé, kí ni ìwọ rí? Kò sọ fún wọn pé ohun báyìí ni kí wọ́n rí. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ wa, nítorí ọ̀nà tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ tiwa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ilé Àwòrán ti Orílẹ̀-èdè wọn, tí ó wà ní ojúde Trafalgar, ni a kọ́kọ́ lọ. Ìtàn ilé náà kò gùn. Ní ọdún 1824, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ra àwòrán 38 tí oníṣòwò kan tí ń jẹ́ John Julius Angerstein fi sílẹ̀, wọ́n san ẹgbàá-méjìdínlọ́gbọ̀n-lé-lẹ́gbẹ̀rún pọ́n-ùn, èyí nì £57,000, wọ́n sì ní ti gbogbo ará ìlú ni láti ọjọ́ náà lọ. Ní ọdún 1838 ni wọ́n ṣí ilé tí ó wà níbẹ̀ dòní. Wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ yan àárín ìlú, kí olówó tí ń gbé ìhà ìwọ̀-oòrùn àti tálákà tí ń gbé ìhà ìlà-oòrùn lè jọ dé ibẹ̀. Àwòrán tí ó wà lọ́wọ́ wọn báyìí ju 2,300 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí wọ́n ṣe nígbà ogun Hitler, nítorí a kò tíì gbàgbé rẹ̀ láti ìgbà tí a ti gbọ́ ọ. Nígbà tí ogun ń bọ̀ ní ọdún 1939, wọ́n kó gbogbo àwòrán náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó di ọdún 1941, wọ́n kó wọn lọ sínú ihò òkè kan ní Manod ní ilẹ̀ Wales, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀. Ògiri ilé náà wá ṣófo. Obìnrin kan tí ń tẹ dùùrù, Myra Hess, ni ó sọ pé kí ilé náà má ṣe dákẹ́, ó sì ń kó àwọn olórin jọ lọ́sàn-án fún àwọn ará ìlú, bí bọ́ǹbù tilẹ̀ ń bọ́. Láti ọdún 1942, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán kan ṣoṣo padà láti inú ihò náà lóṣooṣù, kí ojú àwọn ènìyàn má baà yàn án kù. Ìlú tí iná ń jó, tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó, ń tò sí ìlà láti wo àwòrán kan! A rò ó títí, a kò mọ ohun tí a lè fi wé e nílé, bí kò ṣe bí àwọn baba wa ṣe máa ń kó òrìṣà ìdílé ṣáájú ẹrù nígbà tí ogun bá lé wọn kúrò nílùú.

Nínú gbogbo àwòrán ilé náà, ọ̀kan ni a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò tóbi, gíga rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Jan van Eyck ni ó yà á ní ọdún 1434. Ọkùnrin oníṣòwò kan àti obìnrin kan dúró nínú yàrá, ajá kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ wọn, dígí róbótó kan sì wà lára ògiri lẹ́yìn wọn, nínú èyí tí ènìyàn lè rí ẹ̀yìn àwọn méjèèjì àti ẹni méjì mìíràn tí ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ọlọ́gbọ́n ni ọwọ́ tí ó ya èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dá wa dúró ni ọ̀rọ̀ tí a kọ sí ara ògiri lókè dígí náà. Ayàwòrán náà kò fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ sí ìsàlẹ̀. Ó kọ ọ́ sí àárín gbùngbùn, bí ẹni tí ń jẹ́rìí ní kóòtù, pé Jan van Eyck wà níhìn-ín, ó sì kọ ọdún náà sí i. Ó lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún dín ogún báyìí, a ṣì mọ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. A ó padà sí i.

Ní ọjọ́ kejì ni a lọ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Bloomsbury. Òfin ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1753, wọ́n sì ṣí i fún ará ìlú ní oṣù kìíní ọdún 1759. Oníṣègùn kan, Hans Sloane, ni ó kó ohun ìṣáájú inú rẹ̀ jọ, ohun bí ẹgbàá márùndínlógójì ó lé ẹgbẹ̀rún. Ó yẹ kí a mọ̀ pé apá kan nínú owó tí ó fi ń ra nǹkan wọ̀nyí wá láti oko ìrèké ìdílé aya rẹ̀ ní Jàmáíkà, níbi tí àwọn ẹrú ènìyàn dúdú ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kọ èyí pàápàá sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. A yìn wọ́n fún ìyẹn.

Ìsàlẹ̀ ilé ni wọ́n fi ohun ilẹ̀ Áfíríkà sí. Ènìyàn ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kí ó tó débẹ̀. Àwọn pátákó idẹ ti Bìní ni ó kọ́kọ́ mú ojú. Wọ́n so wọ́n kọ́ sára irin gígùn, ọ̀kan lókè èkejì, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dàbí ẹni pé wọ́n léfòó. Ọba wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ń di apá rẹ̀ mú. Àwọn ológun wà níbẹ̀ pẹ̀lú aago lọ́rùn. Àwọn Potogí wà níbẹ̀ pẹ̀lú irun gígùn àti imú ṣóńṣó. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ti lé ní irínwó ọdún. Àwọn tí ó mọ ìtàn láàrin yín yóò rántí pé àwa ní Ifẹ̀ ń pa á pé Ọ̀rànmíyàn ni ó so ìdílé ọba Bìní pọ̀ mọ́ tiwa. Àwọn ará Bìní náà ní bí wọ́n ṣe ń pa tiwọn, àwa kò sì wá ṣe ẹjọ́ ìyẹn lónìí. Ọmọ ìyá kì í ka ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ilé ń jó.

Ọ̀nà tí nǹkan wọ̀nyí gbà dé ibẹ̀ kò fara sin. Ní oṣù kejì ọdún 1897, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Bìní, ìlú jóná, wọ́n kó ohun ààfin, wọ́n sì mú Ọba Ovọnramwẹn lọ sí Calabar, níbi tí ó wà títí ó fi wàjà ní ọdún 1914. Wọ́n ta púpọ̀ nínú ẹrù náà. Nígbà tí pátákó idẹ wọ̀nyí kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹnu ya àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀, àwọn kan sì ń wá ẹlòmíràn tí wọ́n ó fi iṣẹ́ náà fún, bóyá Potogí, bóyá ará Íjíbítì. Àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ sì wà ní Ìgún nínú ìlú Bìní nígbà náà tí wọ́n ń rọ ọ́, bí wọ́n ti ń rọ ọ́ títí di òní olónìí. Lónìí, ohun Bìní tí ó wà lọ́wọ́ ilé yìí nìkan lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún.

A bá ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀dọ́kùnrin onírẹ̀lẹ̀ kan. Ó ní òfin ọdún 1963 ni ó dì wọ́n lọ́wọ́: àwọn alábòójútó ilé náà kò gbọdọ̀ yọ ohun kan kúrò nínú ohun ìní ibẹ̀ àfi nítorí ìdí díẹ̀ tí òfin náà kà sílẹ̀. A dá a lóhùn pé òfin tí ènìyàn ṣe, ènìyàn lè tún un ṣe. A sì rán an létí pé láti ọdún 1950 títí di 1972, ilé yìí kan náà ta mélòó kan nínú àwọn pátákó idẹ yìí, wọ́n ní wọ́n jọra jù, ìjọba orílẹ̀-èdè wa sì wà lára àwọn tí ó rà á. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: a fi owó ra ohun tí a jí gbé ní ilé wa. Ọ̀dọ́kùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì fèsì. A kò bínú sí i. Iṣẹ́ ni wọ́n rán an.

Àwọn kan ń sọ pé ibẹ̀ ni ó láàbò jù. Àwa náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023, ilé yìí jẹ́wọ́ pé ohun bí ẹgbàá kan, òkúta iyebíye àti ohun ọ̀ṣọ́ wúrà, ti sọnù, tàbí a ti jí i, tàbí a ti bà á jẹ́ lábẹ́ ọwọ́ wọn, olórí ilé náà sì fi ipò sílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má tún fi ọ̀rọ̀ ààbò dẹ́rù bà wá. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo òyìnbó ni ó di ẹ̀bù mọ́wọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Horniman, ní ìhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù kan náà, tí oníṣòwò tíì kan fi ta àwọn ará ìlú lọ́rẹ ní ọdún 1901, dá nǹkan 72 padà sí ìkáwọ́ Nàìjíríà ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, àwọn ará Jámánì gbé ogún wá sí Àbújá. Ní ọdún 2025, àwọn ará Họ́láńdì dá 119 padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, inú wa ru. Ní ọjọ́ kẹta a lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria àti Albert ní South Kensington, a rò pé aṣọ àti àwo tánganran ni a ó wò kí ara lè tù wá. Ó sì tù wá lóòótọ́ fún wákàtí kan. Ilé tí ó dára ni. Èrè àfihàn ńlá ọdún 1851 wà lára ohun tí a fi gbé e ró, wọ́n sì tan iná gáàsì síbẹ̀ láyé ijọ́un kí àwọn òṣìṣẹ́ lè wá wò ó lálẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Àfi ìgbà tí a dé gbọ̀ngàn méjì kan tí wọ́n ṣí ní ọdún 1873. Ọwọ̀n ńlá ti Trajan, olú-ọba Róòmù, wà níbẹ̀, ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gé e sí méjì kí àjà tó gbà á. Ère Dáfídì ti Michelangelo wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe gbé ọwọ̀n yìí kúrò ní Róòmù. Wọ́n ní àgbékalẹ̀ rẹ̀ ni. Wọ́n fi ẹfun tí ń le bí òkúta mú àwòrán ara rẹ̀, ọwọ̀n gan-an ṣì dúró ní Róòmù níbi tí ó wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ère Dáfídì náà, àgbékalẹ̀ ni. Ará Ítálì kan tí ó jẹ́ ìjòyè ńlá ní ilẹ̀ Tuscany ni ó fi ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ ní ọdún 1857.

A jókòó lórí àga kan níbẹ̀. Nígbà tí ojú àwọn òyìnbó wọ ohun rere ní Róòmù, wọ́n po ẹfun, wọ́n mú àwòrán rẹ̀, wọ́n sì fi ohun náà sílẹ̀ fún onílé. Kò ju ọdún mẹ́rìnlélógún lọ lẹ́yìn tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, ojú wọn wọ ohun rere ní Bìní. Wọ́n ṣì mọ bí a ti ń po ẹfun.

Ṣùgbọ́n a ṣèlérí láti sọ ọ̀rọ̀ ìtìjú, ìyẹn ni ó mú wa padà sí Bloomsbury ní ọjọ́ kẹrin. Ohun méjì ni a tìtorí rẹ̀ padà. Èkíní ni orí idẹ Ifẹ̀. Ní ọdún 1938, àwọn tí ń wa ilẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, bá àwọn orí idẹ pàdé nínú ilẹ̀. Kí ìjọba tó dí ọ̀nà pa, ọ̀kan ti jáde, nígbà tí ó sì di ọdún 1939, ó ti wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí. A ti rí fọ́tò rẹ̀ nígbà púpọ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í ṣe ojú. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú náà kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, adé wà lórí rẹ̀, ètè rẹ̀ sì dákẹ́ bí ti ọba tí ó ti gbọ́ ẹjọ́ tán tí kò tíì dá a. Leo Frobenius, ará Jámánì tí ó wá sí Ifẹ̀ ní ọdún 1910, rí irú iṣẹ́ yìí, ó sì sọ pé àwọn ará Gíríìsì ìgbàanì kan tí ó ti sọnù ni wọ́n ṣe é. Ẹ kò rí i bí? Ohun tí ó bá dára jù lọ́wọ́ wa, ẹlòmíràn ni ó ni ín.

Èkejì ni ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́. Níhìn-ín ni a ó ti pẹ́ díẹ̀.

Ilẹ̀kùn alápá méjì ni, àtẹ́rígbà rẹ̀ sì wà lókè rẹ̀, ó fín láti òkè dé ilẹ̀. Ní apá kan, Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ gúnwà pẹ̀lú adé, olorì rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan, Ọ̀gágun Ambrose, ń bọ̀ wá kí ọba, àwọn ọkùnrin sì gbé e léjìká, nítorí kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Àwọn arẹrù ń tẹ̀lé e. Ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn yìí kò bú òyìnbó, kò sì yìn ín. Ó kàn jẹ́ kí ó kéré sí ọba. Àwọn ère náà yọ jáde lára igi tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ọwọ́ gbá wọn mú, òmíràn sì yí orí padà wo ẹni tí ń wò ó.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ, láàrin ọdún 1910 sí 1914. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí, ó sì di ìránṣẹ́ ààfin Arínjálẹ̀ ní Ìsẹ̀, àwọn ọba Èkìtì sì ń ránṣẹ́ pè é láti ààfin dé ààfin. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá ti ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. Ojú àwọn ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọ̀ ọ́, wọ́n sì tọrọ rẹ̀. Kò sí ogun. Kò sí ẹni tí a so mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀: ilẹ̀kùn dúró sí Lọ́ńdọ̀nù, àga ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wá sí Ìkẹ́rẹ́. A kò dá Kábíyèsí ìgbà náà lẹ́bi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ wa ṣì. Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láàyè nígbà náà. Ọba tí ó ní irú rẹ̀ nítòsí kò ní kí òun má rí ilẹ̀kùn mìíràn. Àga òyìnbó ni kò sí nílé. Ọgbọ́n ọjà ni, gẹ́gẹ́ bí ọjà ti rí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Ọlọ́wẹ̀ kú ní ọdún 1938. Òpó kan tí ó gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ kan náà wà ní Chicago ní Amẹ́ríkà báyìí.

Ìwé kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà dárúkọ Ọlọ́wẹ̀. Ìgbà yẹn ni Van Eyck wá sọ́kàn wa. Kò sí ibì kankan tí Ọlọ́wẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ sí, nítorí kò nílò rẹ̀: oríkì ni ìwé tirẹ̀. Ní ọdún 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí ó kú, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀ ṣì wà láàyè, ó sì ki oríkì rẹ̀ fún àwọn olùwádìí, ó ń ka àwọn ààfin tí ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnu obìnrin arúgbó kan ni ó gba púpọ̀ nínú ohun tí ayé mọ̀ nípa rẹ̀ là. Bí ó bá jẹ́ pé obìnrin náà ti ṣáájú lọ ńkọ́?

Ẹ̀yin ará, ibi tí a ti dúró níwájú ilẹ̀kùn yìí ni a ti rántí òpó mẹ́rin. Agbo ilé baba wa, nínú ìlú yìí, ní òpó gbígbẹ́ mẹ́rin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú: ẹlẹ́ṣin kan, ìyá ọlọ́mọ kan, ológun kan, àti ọ̀kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ kí a tó bí wa. Nígbà tí a wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àwọn àgbà ní ilé alámọ̀ ti di ohun ìtìjú, wọ́n wó o, wọ́n fi bíríkì àti páànù kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí i. Ọkùnrin kan tí ó gbé ọkọ̀ wá ra ẹlẹ́ṣin náà ní owó tí kò tó ra ìdì páànù kan. Ikán jẹ èyí tí ojú rẹ̀ fọ́. Àwọn méjì tí ó kù, ìyá ọlọ́mọ àti ológun, wọ́n ní kí àwọn ọmọkùnrin ilé gbé wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni a gbé ẹsẹ̀ ìyá ọlọ́mọ náà. Àwa ni a tún mú àáké. Igi náà le, ó gbóná nínú iná, wọ́n fi se oúnjẹ ìṣílé. A jẹ nínú oúnjẹ náà, ó sì dùn.

Kò sí ọmọ ogun òyìnbó kan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Fún ọdún pípẹ́ ni a fi ń pariwo nínú ìpàdé yìí pé kí wọ́n dá ohun wa padà, a kò sì sọ ọ̀rọ̀ àáké yìí fún ẹnikẹ́ni rí. A ṣì ń sọ ọ́ pé kí wọ́n dá a padà. Ohun tí a fi agbára kó, kí a dá a padà. Àáké tiwa kò sọ olè di olóhun. Ṣùgbọ́n a kò lè dúró níwájú yín kí a máa ṣe bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn nìkan ni ó dọ̀tí.

Kí a tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ ẹnì kan tún dé etí wa ní Ilé Àwòrán Àwọn Ènìyàn Pàtàkì, tí ó wà lẹ́yìn ti Trafalgar. Ilé náà ní àwọn fọ́tò kékeré kan tí Camille Silvy yà ní ọdún 1862. Obìnrin dúdú kan ni, nínú aṣọ òyìnbó tí ó gbilẹ̀ bí agboòrùn. Ọmọ Yorùbá ni, ará ìhà Ẹ̀gbádò, tí a ń pè ní Yewa lónìí. Àwọn ará Dàhómì kó o lẹ́rú ní kékeré. Ní ọdún 1850, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, gbà á lọ́wọ́ Ọba Gézò, ó sì mú un dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria. Wọ́n sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta: Forbes ni orúkọ ọ̀gá ọkọ̀, Bonetta sì ni orúkọ ọkọ̀ náà. Ó fẹ́ Labulo Davies, oníṣòwò ará Èkó, ní Brighton ní ọdún 1862, ó sì kú ní erékùṣù Madeira ní ọdún 1880. Ohun tí ó ká wa lára ni orúkọ. Ọmọ kan dé àárín àwọn àjèjì, wọ́n fi orúkọ ọkọ̀ ojú omi sọ ọ́.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń béèrè nínú ọkàn pé, bí wọ́n bá dá nǹkan padà, níbo ni a ó kó o sí? Ìbéèrè rere ni. Láti ọdún 1945 ni a ti ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ẹsìẹ́, tí ó ṣáájú gbogbo èyí tí ó wà ní Nàìjíríà, fún àwọn ère òkúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún níbẹ̀. Ti Ifẹ̀ dé ní ọdún 1954, ti Oníkan ní Èkó dé ní ọdún 1957. Kì í ṣe pé a kò ní ilé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1973, nígbà tí olórí orílẹ̀-èdè wa ń lọ bẹ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wò, wọ́n mú orí idẹ Bìní kan jáde nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èkó, ó sì gbé e lọ fún un ní ẹ̀bùn. Ní ọdún 1987, àwọn olè wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos, wọ́n gbé orí Ifẹ̀ kan lọ, nígbà tí a ó sì tún gbúròó rẹ̀, ó ti di ọjà títà ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́mù. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Nígbà tí a dé láti Lọ́ńdọ̀nù, a bi ogún ènìyàn léèrè, ọlọ́lá gbogbo, àwọn tí ń lọ sí Èkó lóṣooṣù, bóyá wọ́n ti wọ ilé Oníkan rí. Mẹ́ta ni ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan nínú wọn sì ní òjò ni ó lé òun wọlé.

Nítorí náà, ohun tí a mú wá síwájú ẹgbẹ́ lónìí kò tóbi, kò sì dúró de Lọ́ńdọ̀nù. Akọ̀wé ti ra ìwé ńlá kan fún wa. A bẹ ẹ̀yin ọba àti ìjòyè pé, kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù jẹ́ kí a kọ ohun gbígbẹ́, ohun idẹ àti ohun ìlẹ̀kẹ̀ tí ó wà ní ààfin tàbí agbo ilé rẹ̀ sínú ìwé yìí: irú ohun tí ó jẹ́, ibi tí ó wà, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, àti orúkọ ẹni tí ó ṣe é pẹ̀lú oríkì rẹ̀. Ẹ má ṣe kó wọn wá síbí. A kò ní ilé tí a ó kó wọn sí, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹgbẹ́ ń wá ọ̀nà àtikó ohun ìdílé. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n mọ fọ́tò yíyà yóò wá bá yín nílé. Ṣùgbọ́n ní ti orúkọ, kí ẹ má bi àwọn ọkùnrin nìkan. Ẹ lọ bá àwọn ìyá àgbà, àwọn obìnrin ilé tí wọ́n ń kíni lówùúrọ̀, ẹ sì tètè lọ.

Kí ó má baà dàbí ẹni pé a ń rán yín ní iṣẹ́ tí àwa kò jẹ́, a ti kọ ti ilé wa sí ojú ewé kìíní. Òpó mẹ́rin. Ọ̀kan, a tà á. Ọ̀kan, ikán jẹ ẹ́. Méjì, a fi dáná. Ìyá kan ṣoṣo ni ó kù nínú agbo ilé wa tí ó lè rántí ẹni tí ó gbẹ́ wọn, ó sì ti ń ṣàìsàn láti ìgbà ọdún iṣu. A ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀la. A fi àyè sílẹ̀ ní ibi orúkọ náà.